Àtàǹpàkò Aago Méje

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àárò mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe Àǹtí lọ́jọ́sí ti lọ? Èmi wà láyé. Iṣẹ́ ló kàn ń fi mí ṣeré bó ṣe wù ú.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi ń bọ̀ wálé lo ìsinmi, òun ni mo fi lẹ́tà yìí àti páálí kan rán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ tú páálí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi tú u. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò tóbi, ọwọ́ kan gbé e. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ó ní ife kékeré kan lórí tó ń wọn òjò, ó ní abẹ̀bẹ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì ní ojú kan ṣoṣo níwájú. Oòrùn ló ń jẹ, kò ní bá yín du iná. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni yóò máa ya fọ́tò ojú ọ̀run, tí yóò sì máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bí òjò ṣe pọ̀ tó àti bí ooru ṣe mú tó. Ẹnikẹ́ni láyé ló lè wò ó, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí yóò máa wò ó jù.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ojú ọ̀run ṣe. Bàbá mi, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́sàn-án, kò sì sí fèrèsé kankan. Tí mo bá ń wọlé láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Tí mo bá jáde, ilẹ̀ ti ṣú. Aṣọ ibùsùn aláìsàn ni mo ń rí láti àárọ̀ dalẹ́. Ibì kan wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ká aṣọ, tí mo lè gbé fóònù mi tì sí. Ibẹ̀ ni màá sọ di fèrèsé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n wá fúnra mi. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Tí mo bá jáde níbí kó tó jáde, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nìyẹn, ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ń dúró dè é di òfo. Ẹ bá mi ní sùúrù di ìparí ọdún.

Ẹ gbé e síbi gíga tí igi ò ti ní dí i lójú.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo rí lẹ́tà, mo rí páálí, mo rí nọ́ọ̀sì. Ọmọ dáadáa ni. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì pariwo sí mi létí títí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ bí o ṣe wà. Èmi nìkan ni mi ò gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún nídìí ayùn ńlá tí wọ́n fi ń la gẹdú kì í ṣeré, ibẹ̀ ni mo fi etí mi sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí o yéé pe fóònù àǹtí rẹ kó wá máa gbé e lé mi létí. Ìwé ni kí o kọ. Ìwé kì í pariwo, mo sì lè tún un kà lọ́la.

Mo ní kí o wá, o fi ojú ránṣẹ́. Ó dáa náà. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo gun àtẹ̀gùn mẹ́ta lọ sórí pèpéle tí táǹkì omi wà, mo sì dè é mọ́ irin ibẹ̀. Olójú Kan ni mo sọ ọ́. Kì í wo ilé, kì í wo àgbàlá, kì í wo èmi tí mo gbé e gòkè. Ọ̀ọ́kán ló tẹjú mọ́ ṣáá. Ó jọ ẹni tó rán an wá.

Ó ti gbajúmọ̀ ju èmi lọ ládùúgbò yìí. Bíríkìlà tó ń gbé ní òdìkejì kì í po sìmẹ́ǹtì mọ́ láìkọ́kọ́ bi mí pé kí ni Olójú Kan wí. Aránṣọ ojúlé kẹta ló ń fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ó ní àwọn tí a ò mọ̀ rí ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò náà. Ẹnì kan láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní ojú ọ̀run wa rẹwà. Mo ní kó bá mi dá a lóhùn pé ó ṣeun, àmọ́ àwa kọ́ la ṣe é.

Eruku máa ń bò ó lójú. Láago méje àárọ̀, tí mo bá ti fọjú tèmi tán, màá gòkè lọ fọjú tirẹ̀. Àtàǹpàkò ni mo fi ń nù ún, nítorí àǹtí rẹ ní òun ò ní aṣọ tí òun ó fi ṣòfò lára ẹ̀rọ. Aránṣọ ní àtàǹpàkò mi ń bọ́ sínú fọ́tò aago méje. Ṣé o rí i?

Èmi bàbá rẹ, tí etí rẹ̀ di, tí ojú rẹ̀ là.

Ìgbà wo lo ń bọ̀?


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo rí i! Kí lẹ́tà yín tó dé ni mo ti rí i. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, èyí tí ayùn gé orí àti èékánná rẹ̀ lọ ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó gba ìdajì ojú ọ̀run. Ibi tí mo ti ń ká aṣọ ni mo ti bú sẹ́kún. Ọ̀gá wa rò pé ọṣẹ ló kó sí mi lójú, ó ní kí n lọ fi omi ṣàn án. Mo lọ, mo ṣàn án, mo padà, mo tún wò ó.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí mi ò wo fọ́tò aago méje. Àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá ẹ ti jí ńbẹ̀ yẹn o!" Ẹ bá mi máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti rí àtàǹpàkò yín, mo mọ̀ pé ẹ jí, pé ẹ lè gun àtẹ̀gùn, pé ara yín le. Ọkàn mi á balẹ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá rí i, mi ò rò pé màá lè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ṣé ẹ lè yí i wálẹ̀ díẹ̀, kó máa wo ẹnu ọ̀nà àti àga tí ẹ máa ń jókòó sí? Kí n máa rí yín lódindi.

Èmi ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Ìyá mi kékeré,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀, ìwọ àti àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ ń fọṣọ. Sọ fún wọn pé mo jí.

Mi ò ní yí i. Ìwọ lo sọ pé ojú gbogbo ayé ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ará ibi yìnyín máa wo bí mo ṣe ń họra. Ojú ọ̀run, ti gbogbo wa ni. Àgbàlá mi, tèmi ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi lódindi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó fi wá.

Mo fẹ́ kí o wá. Má dúró de ìparí ọdún. Tó bá ṣeé ṣe kí o dé kí àkókò òjò yìí tó parí, dé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi.

Àǹtí rẹ ní kí n kí ọ. Ó ti ní aṣọ tó ń fi nu ẹ̀rọ báyìí, ṣùgbọ́n mo ní kó gbé e tọ́jú.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo gba lẹ́tà yín, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Gbogbo lẹ́tà yín ni "wá, wá, wá." Mo rò pé mo ti ṣàlàyé. Lọ́yà tó ń bá mi lé ìwé ìgbélùú ní wọ́n á pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lóṣù keje tàbí lóṣù kẹjọ. Tí wọ́n bá pè mí tí mi ò sí níbí, ó tán. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí pákó bá ti wọ ẹnu ayùn, a kì í fà á padà. Ẹ jẹ́ kí n la èyí tán.

Mo ń rí yín láràárọ̀. Ẹ ò ṣá sú mi. Ṣé kì í ṣe torí ìyẹn náà la ṣe gbé ẹ̀rọ wá?

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ìyá mi kékeré,

Má wo ti ìkọ̀wé mi, ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Òtútù ni. Òjò ọdún yìí ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi, ojoojúmọ́ ló ń rọ̀. Ó ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé bíríkìlà, ìyẹn ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. A rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín, ló bá tún lọ bú sẹ́kún nínú ilé.

Mi ò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ. Mo gbọ́ ohun tí o wí nípa pákó. Òótọ́ ni. Ṣé àtàǹpàkò ń dé ọ̀dọ̀ rẹ? Iná pupa kan máa ń tàn lára Olójú Kan kó tó ya fọ́tò. Mo máa ń dúró dè é kí n má bàa tàsé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Mo ti ń ro bí màá ṣe kọ lẹ́tà yìí láti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ní ojoojúmọ́ lòjò ń rọ̀, ẹ ní òtútù ń gbọ̀n yín lọ́wọ́, ó wó ògiri ológiri. Mo lọ wo ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, òjò: òdo. Afẹ́fẹ́: òdo. Ó lé ní oṣù kan tí ẹ̀kán òjò kan ò bọ́ sínú ife yẹn. Ojú ọ̀run ń ṣú nínú fọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣíṣú kọ́ ni rírọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín, ẹ̀rọ ò mọ̀ mí, kí ló fẹ́ torí rẹ̀ parọ́?

Mo tún rí i pé etí pánù kan ti ń yọ lókè fọ́tò. Ẹ ti yí i, ẹ ò sì sọ fún mi.

Bàbá mi, tí ẹ bá fẹ́ kí n wá, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí mi. Ẹ má fi òjò tí kò rọ̀ kó ìbẹ̀rù bá mi. Àtàǹpàkò yín ń dé láràárọ̀, ó sì dúró dáadáa, ó tilẹ̀ ń pẹ́ lára gíláàsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara yín le ju tèmi lọ. Èmi tí mo wà lábẹ́ ilẹ̀ níbí ni òtútù ń mú. Ìpè yìí ti sú mi, ẹ̀bi tó máa ń gbé wá bá mi ti sú mi.

Ẹ kí Àǹtí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi dùn yín. Kò yẹ kí n pè yín ní onírọ́, kódà bí òjò ò tilẹ̀ rọ̀. Ẹ foríjì mí.

Ṣùgbọ́n ìyà tí ẹ fi ń jẹ mí yìí pọ̀ jù. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹtàdínlógún, mi ò rí àtàǹpàkò mọ́. Àbàwọ́n kan ló wà láàárín fọ́tò, ó ṣe róbótó, gbogbo àwọsánmà ń kọjá, òun ò kúrò. Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Àwọn ará ibí ti ń bi mí pé, "Bàbá ẹ ńkọ́?" Mo ní ẹ lọ ìrìn àjò. Kódà ará ibi yìnyín kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ni ẹ̀rọ nu ojú rẹ̀.

Mo pe Àǹtí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé e, wọ́n sì pa á. Tí ẹ bá ń bínú sí mi, kí ni mo fi ṣe Àǹtí?

Ẹ ṣàánú mi, ẹ nù ún. Ẹ jẹ́ kí n ríran.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Àǹtí rẹ ló ń kọ̀wé. Inú lẹ́tà tí mo kọ sí nọ́ọ̀sì ni mo fi èyí sí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó tì ọ́ kó tó gbé e fún ọ. Tí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ báyìí, dá ìwé yìí dúró, kí o lọ pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ni, kí ọ̀sán tó pọ́n. A ti sin wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. O pè, mo gbé e, mo gbọ́ ohùn rẹ, ẹnu mi ò ṣí.

Oṣù kẹta ni dókítà ti sọ pé ìyẹ̀fun pákó ọgbọ̀n ọdún ti kún àyà wọn, pé òun ò rò pé wọ́n á rí òpin òjò. Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ọ. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ń kọ̀wé pé kó wá, ẹ wá ní kí n má sọ ìdí ẹ̀." Wọ́n ní, "Tó bá gbọ́ pé mò ń kú, ó máa wá, ìwé ẹ̀ á bàjẹ́. Mo fẹ́ kó wá torí pé ó fẹ́ rí mi." Mo bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. O mọ bàbá rẹ.

Nígbà tó di àárín oṣù karùn-ún, àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn ò ṣeé gùn fún wọn mọ́. Mo ní kí n máa bá wọn nù ún. Wọ́n ní, "Àtàǹpàkò tìẹ ní èékánná, ó máa mọ̀." Wọ́n ní kí bíríkìlà lọ tú Olójú Kan wá. Orí fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn ni a gbé e sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, lábẹ́ pánù, kí wọ́n lè na ọwọ́ kàn án láìdìde. Ìdí nìyẹn tí òjò fi jẹ́ òdo, ọmọ mi. Òjò rọ̀. Ó rọ̀ débi pé a gbé bààfù sílẹ̀ ní yàrá méjì. Abẹ́ òrùlé lo ti ń wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ka lẹ́tà rẹ. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o, ó fi ẹ̀rọ mú mi." Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sógiri. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé bébà wá. Ohun tí wọ́n kọ ni mo fi sínú ìwé yìí. Kò pọ̀. "Ìyá mi kékeré, òjò rọ̀." Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti rẹ̀ wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n na ọwọ́ láago méje. Iná pupa tàn. Wọ́n gbé àtàǹpàkò lé e, ṣùgbọ́n wọn ò lè fà á kọjá. Wọ́n kàn gbé e síbẹ̀. Èmi ni mo gbé ọwọ́ náà kúrò. Àbàwọ́n tí ò ń rí, ojú àtàǹpàkò wọn ni.

Àná ni lẹ́tà tí o fi ní kí wọ́n nù ún dé. Mo mú aṣọ, mo dúró níwájú Olójú Kan títí, mi ò lè ṣe é. Sọ ohun tí o fẹ́ kí n ṣe.

Má bú ara rẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn ò bínú sí ọ.

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìnìkanwà nínú ilé yẹn. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n dé kí lẹ́tà yìí tó dé. Mo ṣì kọ ọ́, ìwé ni ilé wa ń gbọ́.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Lọ́yà ní kí n má lọ, ó ní ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, ó ní wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ Àìkú ni màá gbéra. Mo mọ̀ pé kò wúlò mọ́ fún ẹni tó pè mí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún mi, ẹ̀rọ ni mo lọ bi léèrè.

Mi ò tíì sọ fún àwọn mẹ́ta tí a jọ ń fọṣọ. Láàárọ̀ yìí, wọ́n tún bi mí pé ṣé bàbá mi ti ti ìrìn àjò dé. Mo wo fọ́tò aago méje. Àbàwọ́n náà wà níbẹ̀, láàárín ọ̀run, mo sì rí ibi tí ayùn gbé gé e.

Ẹ má nù ún, Àǹtí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Ẹ má sì gbé e kúrò lábẹ́ pánù, kí ìjì má fẹ́ omi lù ú.

Tí mo bá dé, ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ sin wọ́n sí kí a tó wọlé. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ ò pọ̀. Òjò rọ̀, Bàbá mi. Mo gbà.

Ọmọ yín.